Ààlà Kò Pín Ahọ́n

Ẹni tó bá ń gbé ní Makepe, ní ìlú Duálà, gẹ́gẹ́ bí èmi, mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun tó wà ní àdúgbò náà ti rin ìrìn àjò kó tó dé ibẹ̀. Èlùbọ́ tí àwa Yorùbá fi ń rokà, aṣọ àti ẹ̀yà ara ọkọ̀, àwọn oníṣòwò ló ń gbé wọn wá láti Nàìjíríà, yálà lójú omi gba Idenau, tàbí lórí ilẹ̀ gba Mfum àti Ekok. Síbẹ̀, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè àwọn ìlú ẹnubodè, ọ̀nà ọ̀dà, afárá àti owó ibodè nìkan la máa ń mẹ́nu bà. Èrò tèmi ni pé èdè náà wà lára ohun èlò ìdàgbàsókè. Níbi tí a kò bá ti kà á sí, àjọṣe ẹnubodè kì í kọjá orí tábìlì ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ìjọba ti ṣe, nítorí kì í ṣe kékeré. Ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù gùn ju 2,000 kìlómítà lọ, láti Adágún Chad títí dé etí òkun. Ní 1994, Kamẹrúùnù gbé ọ̀rọ̀ Bakassi lọ sí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague. Ìdájọ́ sì wáyé ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹwàá, 2002. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá àwọn méjèèjì dá ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ṣe sílẹ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn Greentree ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹfà, 2006, Nàìjíríà sì parí ìyọ̀ǹda Bakassi ní ọjọ́ 14 Oṣù Kẹjọ, 2008. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ibi tí àwọn ọmọ ogun ti yìnbọn síra wọn ní 1994 àti 1996, ibẹ̀ náà ni a ti padà yọ obì. Lẹ́yìn èyí, Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ṣe ìrànwọ́ owó fún ọ̀nà tó ti Bamenda gba Mamfe, Ekok àti Mfum lọ sí Enugu.

Ṣùgbọ́n ohun tí Yaoundé àti Abuja ń pè ní ìpẹ̀kun ilẹ̀, àárín ilé ni lójú àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn Ejagham wà ní Etung àti Akamkpa ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Wọ́n sì wà ní Eyumojock ní Kamẹrúùnù. Òpó ààlà kò dí wọn lọ́wọ́ láti gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù láti 2016, àwọn tó lé ní 50,000 ló sá wọ Nàìjíríà. Kí àgọ́ tó wà, inú ilé àwọn ará abúlé ẹnubodè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí orí fi pamọ́. Kì í ṣe ìwé àdéhùn ló ṣí ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn. Ìbátan, ìgbéyàwó àti èdè ló ṣí i.

Àwa Yorùbá ní irú ààlà bẹ́ẹ̀ tiwa. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 fi Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú ti fi ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 ṣàlàyé ohun tí ìpín yìí ṣe fún ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí èmi fẹ́ fi kún un ni ọ̀rọ̀ àkọtọ́. Ní Nàìjíríà, à ń kọ ẹ, ọ, ṣ àti p. Ní Benin, láti 1975, ɛ, ɔ, sh àti kp ni wọ́n ń kọ. Ọmọ Ìmẹ̀kọ kọ “ọ̀pẹ”, ọmọ Kétu kọ “ɔ̀kpɛ”. Bí wọ́n bá kà á sókè, igi kan náà ni wọ́n ń pè. Olúkúlùkù ló ní ìdí tirẹ̀. Benin fẹ́ kí álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó Fọn, Yorùbá àti àwọn èdè rẹ̀ yòókù. Nàìjíríà sì di àṣà tó ti wà láti ìpàdé àwọn míṣọ́nnárì ní Èkó ní 1875 mú. Àmọ́ àbájáde rẹ̀ ni pé ìwé tí a tẹ̀ fún ọmọ kan ṣòro fún ìbátan rẹ̀ láti kà. Òyìnbó ló fa ààlà orí ilẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ àkọtọ́ ló fa ti orí ìwé. Kamẹrúùnù náà fẹnu kò sórí álífábẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo èdè rẹ̀ ní 1979. Bí a kò bá ṣọ́ra, ohun tó ṣe Kétu àti Ìmẹ̀kọ lè ṣe Ekok àti Mfum.

Àwọn kan yóò sọ pé èdè ti pọ̀ jù, àti pé àwọn aṣọ́bodè kì í pẹ́ lójú kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí a fi gbogbo èdè ṣiṣẹ́ ní gbogbo ibodè. Èdè tí wọ́n ń sọ lójú ibodè kọ̀ọ̀kan ti tó. Bí a bá fi Ejagham kọ iye owó ibodè sára ògiri ní Ekok àti Mfum, tí a sì fi Yorùbá kọ ọ́ ní ibodè Ìmẹ̀kọ, obìnrin tó ru ẹrù ọjà rẹ̀ yóò mọ ohun tó tọ́ kó san àti ohun tí kò tọ́. Àdéhùn Niamey tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí ní Malabo ní 2014 ka àwọn ará ẹnubodè àti ìjọba ìbílẹ̀ wọn mọ́ àwọn tí àjọṣe yìí wà fún. Ó yẹ kí a máa fi èdè tí wọ́n gbọ́ bá wọn sọ ọ́.

Iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè kò ní láti dúró de ìpàdé àwọn ààrẹ. A lè bẹ̀rẹ̀ nípa títẹ àtẹ àwọn lẹ́tà méjèèjì sẹ́yìn ìwé ìkàwé àwọn ọmọ wa, ɛ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, kp lẹ́gbẹ̀ẹ́ p, kí ọmọ Ìmẹ̀kọ lè ka ìwé Kétu, kí ọmọ Kétu náà lè ka ti Ìmẹ̀kọ. Ojú ewé kan péré ló máa gbà.