Wákàtí Kan Péré

“Wákàtí kan péré, Bàámi. A ti fẹ́ wọ bàálù.”

Ohun tí àwa ọmọ ìyá méjì sọ lórí fóònù nìyẹn, ní pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe, l'Ábújá. Ara Bàámi ò yá, wọ́n sì ti ní àwọn ò ní fẹnu kan oúnjẹ láìrí wa.

A ò kúkú purọ́. Kọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ wa. A ti kọ ọ̀kan tó ń ṣírò bí pápákọ̀ òfurufú méjì ṣe jìnnà síra wọn tó. Ó mọ̀ pé ayé rí roboto, pé láti àárín rẹ̀ dé ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 6,371. Láti Ábújá sí Alákìá n'Íbàdàn, ó ní kìlómítà 405. Tí bàálù bá ń sá 500 ní wákàtí kan, kò tó ìṣẹ́jú 50. A bu díẹ̀ lé e, torí bàálù máa ń rìn nílẹ̀ kó tó gbéra, ó sì máa ń dẹ eré kó tó balẹ̀. Wákàtí kan. Ìṣirò náà pé.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gbé pápákọ̀ òfurufú. Bàálù tó yẹ kó gbéra lágogo méjì, agogo mẹ́rin kọjá kó tó gbéra. Nígbà tá a balẹ̀, Bàámi pè: “Ẹ kú ewu o! Ó ti kù díẹ̀ nìyẹn.” A ò lè fèsì.

Nínú ìlú méjèèje Ìbàràpá, kò sí èyí tí bàálù ń balẹ̀ sí. Ìlà-oòrùn Ìbàdàn ni Alákìá wà, ìwọ̀-oòrùn ni Ìgbò-Ọrà wà. A ní láti la Ìbàdàn já, láti Ìwó Road dé Mọ́kọ́lá dé Ẹlẹ́yẹlé, ká tó bọ́ sọ́nà Ìdó tó lọ sí Èrúwà. Tó bá jẹ́ pé ẹyẹ ni wá, kò tó kìlómítà 80. Wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ la lò: sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, kòtò, táyà tó bẹ́ lẹ́yìn Ìdó.

Agogo mẹ́sàn-án ti lù ká tó wọlé. Bàámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Àmàlà àti ọbẹ̀ ìlásà wà nínú abọ́, ó ti tutù. Oògùn tí wọn ò gbọ́dọ̀ lò láìjẹun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi, wọn ò tíì lò ó. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n.

Màámi ní, “Wákàtí kan tẹ́ ẹ sọ ni wọ́n ń dúró dè láti ọ̀sán.”

Bàámi ò bá wa wí. “Ẹ kú ìrìn,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì ní ká wẹwọ́. Òkèlè yẹn ò fẹ́ gba ọ̀fun wa lọ.

Kọ́ọ̀dù wa ò ní àṣìṣe kankan. Ìbéèrè Bàámi gan-an la ò dáhùn: ìgbà wo làwọn máa rí wa? Àwa fi ìgbà tí bàálù máa balẹ̀ dá wọn lóhùn.

Tá a bá ń lọlé báyìí, a kì í dárúkọ wákàtí mọ́. Ohun tá à ń sọ ni pé, “Bàámi, ẹ jẹun, ẹ lo oògùn yín. Tílẹ̀ bá ṣú, ẹ máa gbọ́ ohùn wa lẹ́nu ọ̀nà.”