Àfòpiná Ìgbà Òtútù

Àwọn àgbà ní àfòpiná tí ó lóun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo rí fìtílà tí kì í pa àfòpiná. Ní oṣù kẹta ọdún, nígbà tí òtútù kò tíì lọ tán, bàbá onílé mi a máa gbé àpótí kan sí ọgbà ní ìrọ̀lẹ́. Iná wà lókè rẹ̀. Páálí ẹyin wà nínú rẹ̀, níbi tí àwọn àfòpiná ń fara pamọ́ sí. Ní òwúrọ̀, Bàbá a kà wọ́n, a kọ orúkọ wọn sínú ìwé, a sì tú wọn sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kan tí ìrì dídì bo koríko, a kò bá ẹyọ kan. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a fo ọjọ́ òní.” Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ òdo. Ó ní, “Bí a bá ń kọ ọjọ́ ọ̀pọ̀ nìkan, ìwé wa yóò purọ́.”

Irú àkọsílẹ̀ alaalẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ̀ pé, láti 1968 sí 2017, iye àwọn àfòpiná tí ó tóbi ní Bìrìtéènì fi ìdá kan nínú mẹ́ta dínkù. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe tijú òdo tí ó jẹ́ òótọ́.