Sípíkà Inú Ọkọ̀ Bàbá Mi àti Ohùn Ìyá Àgbà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní etí tó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, etí mi gbọ́ àlọ ní ọdún 2007, kò sì gbọ́ àbọ̀ títí di ọdún 2019. Ohun tó dènà láàárín méjèèjì kò ju sípíkà méjì lọ, sípíkà oníbébà tí ó bá ọkọ̀ akẹ́rù Peugeot 504 ti bàbá mi wá láti ilé-iṣẹ́. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa pé kí ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ rìwáyà ni mo fẹ́ fi kún iṣẹ́ Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ Yorùbá. Àdàkọ lítíréṣọ̀ alohùn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ kí n má mẹ́nu ba wáyà.

Ọdún 1983 ni bàbá mi ra ọkọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ tó ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọdún 1975, ó sì ṣòro nígbà náà láti rin ìrìn-àjò kí ènìyàn má pàdé 504 lọ́nà. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti aṣọ òkè ni ti bàbá mi ń kó láti Ìsẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti di ìdì ẹtù, sányán àti àlàárì sẹ́yìn rẹ̀ tán, tí wọ́n ta tapólì bò ó, ó di Ìbàdàn nìyẹn, rédíò yóò sì máa sọ̀rọ̀ ní gbogbo ojú ọ̀nà. Láti ayé àpótí tí wọ́n ń fi wáyà fà wọ ilé onílé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1935 tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939, ni àwọn àgbà ti mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí asọ̀rọ̀mágbèsì. Bàbá mi nìkan ni mo mọ̀ tí ó máa ń dá asọ̀rọ̀mágbèsì lóhùn. Bí wọ́n bá ka ìròyìn pé owó epo yóò wálẹ̀, a ní, "Irọ́ ni o!" a sì yí jíà.

Ní àkókò ìsinmi ọdún 1989, nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ fún ìwé-ẹ̀rí NCE, mo gba ohùn ìyá bàbá mi sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Obìnrin ilé tó mọ oríkì ilé ọkọ rẹ̀ tinú-tẹ̀yìn ni. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ó fi ọwọ́ kan gbá orúnkún, ó sì ń kì mí títí tí ojú kásẹ́ẹ̀tì kan fi tán. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó papò dà. Bàbá mi náà tẹ̀lé e ní ọdún 2004, ọkọ̀ sì di tèmi. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ẹ̀rọ tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì nínú ilé ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi jẹ́ pé inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni a ti lè gbọ́ ohùn ìyá àgbà mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ da ohùn náà kọ ní ọdún 2007, inú ọkọ̀ ni mo ti ṣe é. Mo gbé e síbi ìbòòji lẹ́yìn ilé, mo gbé ìwé lé orí sítíárì, mo ń tẹ kásẹ́ẹ̀tì, mo ń dá a dúró, mo ń dá a padà. Sípíkà ti ń fọ́ ohùn nígbà náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń jáde pẹ̀lú ariwo bí ìgbà tí kòkòrò há sínú páálí ìṣáná. Mo ní kò burú, ìyá mi ni mo ń gbọ́, ta ni yóò gbọ́ ọ jù mí lọ?

Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí mo dà kọ báyìí: *Ọmọ ọlọ́kọ, a-lọ-bọ̀-má-dé-ìta.* Ọlọ́kọ, abilékọ. Obìnrin tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ilé, tí kì í dé ìta. Mo fi ọwọ́ lu àyà. Ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni Ìsẹ́yìn, mo sì tipa bẹ́ẹ̀ gbà pé ẹlẹ́hàá ni ìyá tó bí bàbá bàbá mi. Mo kọ àpilẹ̀kọ kan lé e lórí, nípa ipò obìnrin nínú oríkì ìdílé. Láti ọdún náà ni mo sì ti ń lo gbólóhùn yìí fún àpẹẹrẹ ní kíláàsì àwọn ọlọ́dún kejì.

Ní ọdún 2012, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ilé àwọn ahunṣọ dìde ní kíláàsì. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé kì í ṣe *ọlọ́kọ̀* ni?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé awakọ̀ ló ní lọ́kàn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkọ̀ wo ni í lọ tí í bọ̀ tí kò ní í dé ìta? Ọmọ náà jókòó. Nígbà ìdánwò, ó kọ *ọlọ́kọ̀* sínú ìwé rẹ̀, ó sì fi ìlà méjì ṣe àlàyé. N kò ka àlàyé náà dópin. Mo já àmì méjì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àmì ohùn.

Kì í ṣe nítorí àdàkọ ni mo ṣe pààrọ̀ sípíkà ní ọdún 2019. Ariwo náà ló sú mi. Ọyẹ́ ọdún náà mú gan-an, ó sì di pé n kò lè fi rédíò gbọ́ ìròyìn kí orí má fọ́ mi. Nígbà tí rìwáyà tú ìbòrí ilẹ̀kùn ọ̀tún, ohun tí a bá níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Bébà sípíkà ti gbó bí ewé ẹ̀kọ tí a gbàgbé sẹ́yìn ààrò. Etí rẹ̀ já níbi mẹ́ta, eruku ọdún mẹ́rìndínlógójì sì kún ìdí rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, omi a máa gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì ṣàn wọ inú ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ọ̀rá tó yẹ kó bo sípíkà lọ́wọ́ omi yẹn ti ya, ẹni tó tún ilẹ̀kùn náà ṣe kẹ́yìn kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Òjò ń rẹ bébà, ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni lọ́dọọdún.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni rìwáyà, ó sì fẹ́ràn ariwo. Ó ní kí a gé irin ilẹ̀kùn, kí a ki sípíkà ńlá bọ̀ ọ́, kí àwọn ará Òkè-Ògùn lè mọ̀ pé mò ń bọ̀. Mo ní n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Agbára rédíò àtijọ́ kò pọ̀, sípíkà tó wúwo jù yóò kàn dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Èyí tí a rà kò ju ínṣì mẹ́rin lọ, ómù 4 ni gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ihò ìdè rẹ̀ kò bá ti ilẹ̀kùn mu. Káfíńtà ló gé pákó pẹlẹbẹ ní róbótó méjì tí a fi so ó ró, a sì wá ọ̀rá tuntun lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìbòrí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe mi farapamọ́ sí. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni a wé róbótó, tí a kì bọ àárín irin òòfà, tí a sì so mọ́ ìdí bébà tó rí bí àrọ. Bí iná láti inú rédíò ti ń yí padà nínú wáyà náà, òòfà a máa tì í síwájú, a sì máa fà á sẹ́yìn, bébà a sì máa ti afẹ́fẹ́ títí yóò fi di ohùn. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Chester Rice àti Edward Kellogg, ló ṣàlàyé irú èyí tí ayé ń lò yìí ní ọdún 1925, ìlànà rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà náà. Bí ohùn bá ti ń lọ sílẹ̀ sí i ni bébà gbọ́dọ̀ rìn jìnnà sí i kí a tó gbọ́ ọ dáadáa. Bébà tí etí rẹ̀ ti já kò lè rìn jìnnà kí ó má gbọ̀n. Ohùn òkè lè rí ọ̀nà gbà kọjá. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ariwo náà máa ń bò mọ́lẹ̀.

Nǹkan kejì tún wà níbẹ̀. Sípíkà ní ẹnu méjì, ọ̀kan fún àmì àròpọ̀, ọ̀kan fún àmì àyọkúrò. Bí a bá so ti ọ̀tún bó ti yẹ, tí a wá so ti òsì sódì, nígbà tí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì yóò máa fà á sẹ́yìn, àwọn ohùn tó wà nísàlẹ̀ yóò sì máa pa ara wọn. Rìwáyà mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, ó fi kan ẹnu wáyà sípíkà àtijọ́ ti òsì. Ó yẹ kí bébà bọ́ síwájú. Ó wọlé sẹ́yìn. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, wọ́n ti yí èyí sódì fún yín ó pẹ́." N kò lè sọ iye ọdún tí sípíkà méjèèjì ti fi ń bá ara wọn jà nínú ọkọ̀ yẹn.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, kásẹ́ẹ̀tì ìyá àgbà ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò. Mo gbọ́ bó ṣe ń gbá orúnkún, èyí tí n kò gbọ́ rí láti ọdún 1989. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dé orí gbólóhùn yẹn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tẹ̀ lé ohùn òkè kì í já lulẹ̀ lójijì. Ńṣe ni í yọ́ wálẹ̀. Ohùn ìyá àgbà yọ́ wálẹ̀ kedere lórí sílébù tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, ó sì sinmi kí ó tó tẹ̀síwájú. *Ọlọ́kọ̀.* Mo dá a padà nígbà mẹ́fà.

Ó yá mi lára láti di gbogbo ẹ̀bi ru sípíkà. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù kì í gbé ohùn tó wà nísàlẹ̀ gan-an, síbẹ̀ a ń fi í bá ara wa sọ Yorùbá, a kì í sì í ṣi ọkọ gbọ́ sí ọkọ̀. Etí a máa ṣà lára ìyókù ohùn, a sì máa fi kún ohun tí kò sí. Etí tèmi fi kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wá ni ó fi kún un. Ní ọdún 2007, àpilẹ̀kọ nípa obìnrin ni mo ń wá kiri, obìnrin ni mo sì gbọ́.

Mo lọ bá àbúrò bàbá mi lábẹ́ àtíbàbà tí ó ti ń hun òfì. Láti kékeré ni wọ́n ti mú mi lọ gbé lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ní ìlú mìíràn, ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn tí kò mọ òfì í hun. Mo kúnlẹ̀ kí wọn tán, mo bi wọ́n bóyá ẹlẹ́hàá ni ìyá bàbá wọn. Wọ́n dáwọ́ dúró.

"Àkànní, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ọjà ni ìyá wa àgbà ń ná títí ó fi kú."

Mo sọ gbólóhùn náà fún wọn bí mo ti ń kọ́ ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. Wọn kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ òfì, igi dídán kékeré tí a fi òwú sínú rẹ̀, wọ́n jù ú gba àárín òwú kọjá sí ọwọ́ òsì, wọ́n gbà á, wọ́n sì jù ú padà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Kò kọjá etí aṣọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ọkọ̀ bàbá mi àgbà nìyí," ni wọ́n wí. "Èyí tí bàbá tìrẹ fi sílẹ̀ tí ó lọ ń wa ti onírin."

Mo sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tí àwọn ti kọ sílẹ̀ ni kí wọ́n pa rẹ́ tàbí kí wọ́n kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ méjèèjì, kí wọ́n sì kọ orúkọ mi sí ti àkọ́kọ́. Ìyẹn rọrùn. Èyí tí kò rọrùn ni ọmọ ọdún 2012 yẹn. Ó gbà mí ní ọjọ́ mélòó kan kí n tó rí nọ́ńbà rẹ̀. Ó ti di olùkọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní apá Ṣakí. Mo jókòó sínú ọkọ̀ kí n tó pè é. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́, títí kan àmì méjì, mo sì tọrọ àforíjì.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin sà, mo ti gbàgbé àmì yẹn. Ṣùgbọ́n *ọlọ́kọ* ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ tèmi níbí. Ọdún kẹrin rèé. Mo ní ẹ̀yin ló kọ́ wa, ẹ ò lè ṣì í."

Mo ní kó dúró sórí fóònù. Mo gbé fóònù ti ihò sípíkà ilẹ̀kùn, mo sì tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ìyá àgbà sinmi, mo gbé e padà sí etí. Ó ní kí n jọ̀ọ́ tún un fi sí i.