Ẹ Jẹ́ Kí Ilẹ̀ Rí Omi Mu

Ẹni tó ń gbé Ajégúnlẹ̀ ní Èkó mọ̀ pé omi kànga ibẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Ẹ pọn ọ́n sínú ike funfun lálẹ́, ẹ bò ó; bó bá fi máa di àárọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa ti dúró sísàlẹ̀ ike. Lápá Àpápá tó súnmọ́ ọ̀sà, iyọ̀ wà nínú omi kànga mìíràn, ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Ìdí rèé tí mẹ́rúwà fi ń ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì wọ àdúgbò, tí ìyá ọlọ́mọ sì ń yọ owó omi lára owó oúnjẹ.

Yanrìn ni ilẹ̀ Èkó. Òjò tó bá rọ̀ á rin wọnú yanrìn yìí, á sì dúró lórí omi iyọ̀ tó ti inú òkun wá, nítorí omi òjò fúyẹ́ ju omi òkun lọ. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ tipẹ́: bí a bá fa omi dídùn títí tó fi lọ sílẹ̀ ní mítà 1 péré, omi iyọ̀ ìsàlẹ̀ lè gòkè tó mítà 40.

Àfajù sì la ń fà á. Ó ti pẹ́ tí ilé iṣẹ́ omi Ìjù ti ń fún Èkó lómi, ti Àdìyàn sì tẹ̀ lé e ní 1991, ṣùgbọ́n ènìyàn pọ̀ kọjá ohun tí páìpù lè gbé. Nítorí náà, onílé gbẹ́ tirẹ̀, ilé iṣẹ́ gbẹ́ tirẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí gbẹ́ tiwọn. Ìkòkò kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń ki igbá bọ̀, kálukú rò pé tòun ni. Ìkòkò ọ̀hún kò sì kún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀: a fi kọnkéré, ọ̀dà àti íńtálọ́ọ̀kì bo ojú ilẹ̀. Òjò ń rọ̀, gọ́tà ló ń gbé e lọ, tàbí kó ya wọlé, kó gbé ẹ̀gbin ṣálángá sínú kànga. Òkun pàápàá ń ga sí i bí ayé ṣe ń móoru.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n. Iyọ̀ nìkan kọ́ ni àfajù ń mú wá: ní Tokyo, omi abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fà mú kí ilẹ̀ máa rì. Ìjọba Jàpáànù ṣòfin ní 1956, wọ́n fa omi odò lọ bá àwọn ilé iṣẹ́, rírì náà sì rọlẹ̀. Ní Jakarta ní Indonesia, páìpù kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n ń fa ti abẹ́ ilẹ̀, apá àríwá ìlú ń rì. Ní 2019, ìjọba ibẹ̀ kéde pé àwọn yóò kó olú-ìlú kúrò níbẹ̀.

Èwo la fẹ́ nínú méjèèjì? Kò tọ́ kí ìjọba ka kànga léèwọ̀ fún ẹni tí kò fún lómi. Kí omi ẹ̀rọ kọ́kọ́ dé Ajégúnlẹ̀, kí a wá sọ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Àpápá pé kí wọ́n dín tiwọn kù. Ẹ̀yin onílé, ẹ má ṣe fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá. Ẹ fi ìwọ̀nba ilẹ̀ sílẹ̀ fún òjò, kí ẹ sì gbé ṣálángá jìnnà sí kànga. Bí iyọ̀ bá ti wọ omi abẹ́ ilẹ̀ tán, ọmọ wa lè darúgbó kó tó jáde.