Bàbá Télọ̀ Tí Kì Í Rìnrìn-àjò Dé Òkè Olúmọ

"Ilé ni àbọ̀ sinmi oko." Ọ̀rọ̀ tí bàbá télọ̀ kan ní Bẹẹrẹ, n'Ibàdàn, máa ń sọ nìyẹn bí wọ́n bá ti dárúkọ ìrìn-àjò. Kíá ló máa ka ibi tó ti dé tán: Ọ̀yọ́, nítorí ìgbéyàwó, Èkó, lọ́dún 1977 tí wọ́n ṣe FESTAC, Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Àwọn ọmọ ló fà á lọ s'Íkògòsì yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tọwọ́ bọ omi náà kó tó gbà pé ẹnikẹ́ni ò dáná sábẹ́ ẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ràn òde. Ó lé lógún ọdún tó fi ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká lọ wo Òkè Olúmọ." Èsì kan náà ni: aṣọ ọdún pọ̀ nílẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, ṣé Abẹ́òkúta jìnnà s'Ibàdàn ni?

Lẹ́yìn tí rélùwéè tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021, bàbá fúnra rẹ̀ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ní Mọ́níyà. Àmọ́ orúnkún ìyá ti kọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, ó jókòó, ó ní kí bàbá bá òun gùn ún. Bàbá gùn ún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rí ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, ní nǹkan bí ọdún 1830. Ó rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ bẹẹrẹ. Ó rí odò Ògùn lókèèrè. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ròyìn títí.

Ìyá gbọ́ tán, ó ní: "Ṣé ẹ wá rí i pé kò jìnnà?"

Bàbá ò fèsì. Nígbà tí wọ́n ń padà, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ní kí ìyá jókòó sí.