Iná Tí Ń Ṣẹ́jú Níwájú Awakọ̀

Láti ìgbà tí Ìkẹjà ti wà lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì ti ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò yìí, ni àwọn ènìyàn wa ti ń kọ́ bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu iná. Bí iná pupa bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ, láti Ọba Àkran títí dé Agídíngbí, kò sí òṣìṣẹ́ kan, ìbáà ṣe ọ̀gá, ìbáà ṣe ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ lánàá, tí kò ní kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ náà kí ó tó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí ẹni kan náà bá bọ́ sínú ọkọ̀ ara rẹ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì há a mọ́ àárín Ìkẹjà Along àti Dòpẹ̀mú, bí iná bá ń tàn tí ó ń kú níwájú rẹ̀, yóò ní, “Ó ti pẹ́ tí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀,” yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí a máa dùn mí, nítorí pé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ní olówó tí yóò ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ òógùn ojú ara rẹ̀ ni awakọ̀ fi ra ọkọ̀ tí kò ka iná rẹ̀ sí.

Iná wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àrokò ni wọ́n, irú èyí tí ọba ń fi ránṣẹ́ sí ọba nígbà láéláé, tí ẹni tí ó bá ṣì í kà fi í kó ìlú rẹ̀ sí wàhálà. Ilé-iṣẹ́ Hudson ní Amẹ́ríkà ni ó ṣíwájú nínú fífi iná pupa rọ́pò abẹ́rẹ́ tí ń fi agbára ọ́ìlì hàn, láàárín ọdún 1930 sí 1939, láti ìgbà náà wá ni pupa sì ti jẹ́ àwọ̀ àṣẹ níwájú awakọ̀. Èyí tí wọ́n yà bí àgò tí ọ́ìlì ń kán lẹ́nu rẹ̀ ni mo kà sí ọba gbogbo wọn. Bí ó bá tàn nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, agbára tí ń ti ọ́ìlì kiri inú ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀yìn, irin ń ha irin, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì tó kí ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kí ẹni tí ó bá rí i yà sí, kí ó pa ọkọ̀, kí ó yọ ọ̀pá ìdíwọ̀n ọ́ìlì wò. Kí ó má ṣe ní òun yóò rọra wà á délé. Ti ooru ẹ́ńjìnnì ni àbúrò rẹ̀: dúró, jẹ́ kí ó tutù, má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ tí ó gbóná.

Iná aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ ń ṣì mú. Nígbà tí èéfín ọkọ̀ ń bo ojú ọ̀run mọ́ àwọn ará Los Angeles lórí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbáyọ, títí tí òfin Amẹ́ríkà fi pàṣẹ pé láti ọdún 1996, gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọn yóò máa tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà tí ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì ní ìlànà OBD-II, tí ó sì ń tan iná yìí bí nǹkan bá ṣe é. Kọ̀ǹpútà yìí náà ni ó wà nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ń ti Amẹ́ríkà gba èbúté Àpápá wọlé tọ̀ wá. Bí iná náà bá tàn tí ó dúró sójú kan, ìdérí táǹkì epo tí kò dé dáadáa pàápàá lè fà á. Wa ọkọ̀ rẹ délé, kí o sì tètè gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣẹ́jú, bẹntiróòlù ni kò jó tán nínú sìlíńdà, tí ó ń ṣàn wọ inú kátálíìsì, ẹ̀rọ tí ń fọ èéfín mọ́ lábẹ́ ọkọ̀, tí ó ń jó níbẹ̀, tí ooru rẹ̀ sì lè yọ́ àgbá tí wọ́n fi platinum, palladium àti rhodium ra nínú. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ẹni tí ó bá ní kí ọkọ̀ òun sọ odindi rẹ̀ fún òun yóò fi owó kátálíìsì kún owó kọ́ìlì kan ṣoṣo tí kò ta iná sí epo mọ́.

Ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní Agége, níbi tí wọ́n ti so màrìwò mọ́ ẹnu ọ̀nà fún Ògún Lákáayé, Ọ̀sìn Imọlẹ̀, mo rí ìyá kan tí ó gbé Toyota Corolla dé, tí ọkọ̀ náà ń gbọ̀n, tí iná ń ṣẹ́jú. “Ọmọ mi, ṣé ẹ ò ní sọ pé ẹ́ńjìnnì ti lọ?” ni ìyá wí. Ọmọ ríwáyà kan bẹ̀rẹ̀, ó ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ abẹ́ sítíárìn, nọ́ńbà P0302 sì jáde: sìlíńdà kejì ni kò jó epo. Kò tìtorí èyí ní kí wọ́n lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀. Ó yọ kọ́ìlì kejì, ó fi ti ẹ̀kẹta síbẹ̀, ó fi ti ìkejì sí ẹ̀kẹta, ó pa nọ́ńbà náà rẹ́, ó sì sítáàtì ẹ́ńjìnnì. P0303 ni ó kàn jáde. “Ẹ wò ó, mà, àìsàn bá kọ́ìlì lọ, òun nìkan ni ẹ máa rà.” Mo fi tọkàntọkàn yìn ọmọ náà, nítorí ẹlòmíràn ìbá ti pààrọ̀ ohun mẹ́rin kí ó tó kan èyí tí ó bàjẹ́.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí àwọn tí ń ta ọkọ̀ tí wọ́n ń fi téèpù dúdú lẹ iná náà, tàbí tí wọ́n ń yọ gílóòbù rẹ̀, kí oníbàárà má baà rí i. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wọ́n gbé iná sórí òrùlé onílé, wọ́n sì ní kí ó sùn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó san owó, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí gbogbo iná ń tàn, ẹ má tíì sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fi ojú wá ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì láàárín wọn. Ó yẹ kí ó tàn nígbà náà, kí ó sì kú nígbà tí ẹ bá sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá tàn rárá, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.