Àwọn Márùn-ún Tó Wà Níwájú Mahomes

Ìdá kẹrin eré ti wọ̀ ní Tampa, lọ́jọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2021, nínú àṣekágbá Super Bowl. Patrick Mahomes, quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, fún Kansas City Chiefs, gba bọ́ọ̀lù, ó ń wojú pápá pé ta ni òun máa jù ú sí. Kò ráyè dúró. Ó yà síbí, ó yà sọ́hùn-ún, ó sá padà sẹ́yìn, àwọn èèyàn Tampa Bay Buccaneers ṣáà ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ti yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ti nà gbọọrọ lófuurufú, síbẹ̀ ó rọ́gbọ́n fi bọ́ọ̀lù náà ránṣẹ́. Bọ́ọ̀lù lọ tààrà, ó bá Darrel Williams, akẹgbẹ́ rẹ̀, níwájú akoto, nínú gbàgede tí wọ́n ti ń gba ayò gan-an. Williams ò rí i mú. Nígbà tí eré parí, 31 sí 9 ni Buccaneers fi nà wọ́n.

Àwọn tó ń ṣe ìṣirò eré sọ pé ìgbà 29 ni alátakò ká Mahomes mọ́ lọ́jọ́ náà. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí quarterback kankan rí nínú Super Bowl. Wọ́n tún wọn ibi tó sá dé: yáàdì 497 ló fi sáré kiri lẹ́yìn àwọn tirẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù tàbí kí wọ́n tó gbé e ṣánlẹ̀, bí ẹni tó sá já pápá náà láti ìkángun dé ìkángun nígbà márùn-ún. Ní oṣù Keje ọdún 2020 ni Chiefs ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a tọwọ́ bọ̀wé ọdún mẹ́wàá tó tó 450 mílíọ̀nù dọ́là. Olówó iyebíye ni, wọ́n sì ní kó máa sá kiri bí ẹni tó jí nǹkan.

Ẹni tó jẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ló mọ̀ lè máa wò ó pé kí ló dé tí ẹnì kankan ò gbà á sílẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èèyàn mọ́kànlá-mọ́kànlá ló ń kojú ara wọn, márùn-ún nínú àwọn tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn ló sì ń di ìlà iwájú mú. Ẹni àárín ni center, òun ló ń ti bọ́ọ̀lù gba àárín itan rẹ̀ sẹ́yìn sí quarterback. Guard méjì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, tackle méjì sì wà ní ìkángun. Ẹni tí kò bá tó 300 pọ́ùn ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Òfin ò gbà kí wọ́n hán bọ́ọ̀lù tí quarterback bá jù, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ lọ fi tó adarí eré létí. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n dènà lọ: kí wọ́n lànà fún ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, kí wọ́n sì fún ẹni tó fẹ́ jù ú ní ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́ta láti ronú.

Bí eyín ẹnu ni wọ́n rí, kò sẹ́ni tó ń rántí wọn àfi lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá ń dun èèyàn. Ìgbà tí orúkọ wọn máa ń hàn jù lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni ìgbà tí wọ́n bá di alátakò láṣọ mú, tí adarí eré sì gba yáàdì 10 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn. Láti ọdún 1982 ni àjọ NFL ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹnì kan bá gbé quarterback ṣánlẹ̀, orúkọ ẹni tó gbé e ṣánlẹ̀ náà ni wọ́n sì ń kọ. Ẹni tó dènà títí tí nǹkan kan ò fi ṣẹlẹ̀, inú ìwé wo ni wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sí?

Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti fojú pa ìlà iwájú rẹ́, pàápàá fún ẹgbẹ́ tó ní quarterback tó mọṣẹ́ jù. Lójú òǹkọ̀wé yìí, àìsàn tó dá Chiefs dùbúlẹ̀ ní Tampa ti wà lára wọn tipẹ́. Mahomes ló ń bá wọn bò ó. Eré 14 ni wọ́n borí nínú 16 ní sáà náà. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń dènà fún un ń tán lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Laurent Duvernay-Tardif, guard tó tún jẹ́ dókítà ìṣègùn, ti yọ̀ǹda ara rẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ó lọ ń tọ́jú àwọn arúgbó nítòsí Montreal lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà. Iṣan orúnkún Kelechi Osemele, tí ìran rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, já lẹ́sẹ̀ méjèèjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn dá Mitchell Schwartz dúró. Nígbà tó wá ku eré kan kí wọ́n dé Super Bowl, iṣan gìgísẹ̀ Eric Fisher já. Tackle méjèèjì ti lọ. Àwọn tí wọ́n kó wọlé sí Tampa, ẹni tó jẹ́ guard ti di tackle, ẹni tó jẹ́ tackle ọ̀tún ti di tòsì.

Ìpalára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ẹgbẹ́ mìíràn ì bá sì fi ìyẹn ṣe àwáwí títí di sáà tó tẹ̀ lé e. Brett Veach, ẹni tó ń ra agbábọ́ọ̀lù fún Chiefs, àti Andy Reid, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó jẹ́ pé inú ìlà iwájú ni òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù ní Brigham Young University, kò gba ọ̀nà ibẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021 wọ́n dá Fisher àti Schwartz sílẹ̀ pa pọ̀. Fisher yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nínú draft ọdún 2013, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ti ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ jáde láti yunifásítì.

Wọ́n kọ́kọ́ nawọ́ sí Trent Williams, ó padà sọ́dọ̀ San Francisco 49ers. Wọ́n wá fún Joe Thuney ní ọdún márùn-ún àti 80 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì fi àyè wọn ní ìpele kìíní draft pàrọ̀ Orlando Brown lọ́wọ́ Baltimore Ravens. Ọ̀rọ̀ Thuney ló yẹ kéèyàn fọkàn sí, nítorí guard ni. Láti alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1985, nígbà tí Lawrence Taylor ti New York Giants fọ́ ẹsẹ̀ quarterback Joe Theismann, tí Theismann kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé, tackle òsì ni gbogbo ẹgbẹ́ ń náwó lé lórí, torí pé òun ló ń ṣọ́ ibi tí quarterback tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún kò lè rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, quarterback lè rọra gbẹ́sẹ̀ síwájú kó kọjá lójú rẹ̀, bí àárín bá dúró. Bí àárín bá ya, kò sí ibì kankan tó fẹ́ gbẹ́sẹ̀ sí. Àárín ni Chiefs ti bẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n gidi sì ni.

Èyí tó jọni lójú jù kò wọ́n lówó. Ní draft ọdún náà, wọ́n mú Creed Humphrey, center láti Oklahoma, ní ipò 63. Ọwọ́ òsì ló fi ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, ohun tí kò wọ́pọ̀. Wọ́n dúró títí di ipò 226 kí wọ́n tó mú Trey Smith ti Tennessee. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ̀ pé Smith lágbára, wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ rí nígbà tó wà ní yunifásítì, wọ́n ń bẹ̀rù. Nígbà tí sáà 2021 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Cleveland Browns, kò sí ẹyọ kan nínú àwọn márùn-ún náà tó ti bẹ̀rẹ̀ eré fún Chiefs rí.

Kí èèyàn kó márùn-ún tuntun jọ kò tó. Alátakò ní ẹ̀tàn kan tó ń fọ́ ìlà tí kò tíì mọwọ́ ara wọn. Ẹni méjì tó dúró níwájú guard àti tackle á jọ ṣí. Ọ̀kan á fi èjìká gún guard kó lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, èkejì á wá rọra yípo ẹ̀yìn rẹ̀ wọ àlàfo tó ṣí sílẹ̀. Bí guard bá tẹ̀ lé ẹni àkọ́kọ́, wọ́n ti wọlé. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó fi ọwọ́ ti ẹni àkọ́kọ́ náà lé tackle lọ́wọ́, kó sì yíjú padà dúró de èkejì. Ariwo èrò kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn, nítorí náà ìgbúnpá àti àṣà ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bí tackle bá pẹ́ díẹ̀ ju bí guard ṣe rò lọ, quarterback ti wà nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká fi owó tan ara wa jẹ: owó ń ra ọwọ́ tó lágbára, kò lè ra irú òye bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àsìkò tí wọ́n lè fi kọ́ ọ ń kúrú sí i. Àdéhùn tí àjọ NFL àti ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe ní 2011 fi ìdánrawò pẹ̀lú ìhámọ́ra kíkún mọ sí ìgbà 14 láàárín sáà. Ara àwọn agbábọ́ọ̀lù ń fẹ́ ìsinmi náà, kò sẹ́ni tó lè bá wọn jà sí i. Àmọ́ ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń ti ènìyàn 300 pọ́ùn kò lè fi aṣọ lásán kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2023, ní Arizona, Chiefs bá Philadelphia Eagles pàdé nínú Super Bowl. Ìgbà 70 ni Eagles ti gbé quarterback ṣánlẹ̀ ní sáà náà, àwọn díẹ̀ péré ló jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìtàn NFL. Lọ́jọ́ náà, wọn kò gbé Mahomes ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Chiefs borí, 38 sí 35.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gba ife náà lọ́wọ́ 49ers ní Las Vegas. Thuney ti fara pa, Nick Allegretti ló dúró síbi tirẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ojú tì ní Tampa. Iṣan kan já ní ìgúnpá Allegretti kí eré tó dé ìdajì. Kò jáde. Ó gbá a dé òpin, títí kan àfikún àsìkò.

Àmọ́ àtúnṣe tó bá dára ń náni lówó lẹ́yìn ọ̀la. NFL fi ààlà sí iye tí ẹgbẹ́ kan lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù lọ́dún, Humphrey àti Smith tí wọ́n rà ní pọ́ọ́kú sì ti di ẹni àpọ́nlé. Humphrey gba 72 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún mẹ́rin ní 2024. Smith gba 94 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin ní 2025. Brown ti kọjá sí Cincinnati Bengals ní 2023. Láti ìgbà náà, tackle òsì di àyè tí wọ́n ń fi èyí dán wò, tí wọ́n ń fi tọ̀hún dán wò. Kingsley Suamataia, ọ̀dọ́ tí wọ́n mú ní 2024, kò pé eré méjì tí wọ́n fi yọ ọ́. Nígbà tí sáà ń lọ sópin, wọ́n gbé Thuney láti guard lọ síbẹ̀, wọ́n fi Mike Caliendo sí àyè Thuney. Wọ́n dí ihò kan, wọ́n fi dá méjì sílẹ̀. Eagles rí i. Nínú Super Bowl oṣù Kejì ọdún 2025, àwọn mẹ́rin ìlà iwájú wọn ti tó wọn, wọn kò rán ẹlòmíì kún wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbé Mahomes ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. 40 sí 22.

Ọ̀nà tí Eagles ń gbà yàtọ̀. Jeff Stoutland ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlà iwájú wọn ní 2013, òun náà ló mú Jordan Mailata, ọmọ Australia tó ń gbá rugby, tí kò tíì gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí, láti ipò 233 nínú draft ọdún 2018 di tackle òsì tó gba Super Bowl. Ní 2024 wọ́n kó Mekhi Becton mọ́ra, ẹni tí New York Jets ti fi ipò 11 mú ní 2020, tí gbogbo nǹkan sì dojú rú fún un níbẹ̀. Wọ́n ní kó má ṣe tackle mọ́, kó wá ṣe guard. Ó gba ife.

Jets ńkọ́? Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iṣan gìgísẹ̀ quarterback wọn, Aaron Rodgers, já nígbà kẹrin péré tí wọ́n ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn sí i nínú eré àkọ́kọ́ tó bá wọn ṣe. Wọ́n tú àpò. Wọ́n ra Tyron Smith, Morgan Moses àti John Simpson, wọ́n sì tún fi ipò 11 mú tackle mìíràn ní draft 2024: Olumuyiwa Fashanu ti Penn State, orúkọ tí Yorùbá kankan ò ní béèrè ibi tó ti wá. Eré 5 ni wọ́n borí ní sáà náà, wọ́n pàdánù 12. Fashanu kọ́ ló jẹ̀bi o; ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ni, wọ́n sì ń gbé e láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì bí àwọn àgbà bá ti ń fara pa.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Chiefs fi Thuney ránṣẹ́ sí Chicago Bears, níbi tí wọ́n ti gbé Caleb Williams ṣánlẹ̀ nígbà 68 ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Chiefs fi ipò 32 mú Josh Simmons, tackle Ohio State. Iṣan orúnkún rẹ̀ ti já ní oṣù Kẹwàá tó ṣáájú, òun ló jẹ́ kó rẹ̀ wálẹ̀ débẹ̀, àwọn tó ṣe draft Trey Smith kò sì jẹ́ kí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ fò wọ́n ru. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní São Paulo ní Brazil, Simmons ló dúró ní tackle òsì. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní guard ni Suamataia, tí wọ́n ti yọ ní tackle lọ́dún tó ṣáájú. Los Angeles Chargers borí wọn, 27 sí 21.